Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ará Bèréà ni wá, àbí ará Átẹ́nì?

   Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Jobele, ní agbègbè Afijio, ni ìbéèrè oṣù yìí ti wá.

Bàbá náà ní fóònù ti gba ilé òun. Kò fẹ́ kí ilé òun wà nínú òkùnkùn: ọmọ òun kan wà ní yunifásítì, èkejì ń gbé ìlú òyìnbó, òun fúnra òun sì ń dáko ẹ̀gẹ́, ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti mú fóònù láti wo ohun kan ṣoṣo, wákàtí kan a ti lọ, àdúrà alẹ́ a sì di ohun tí a fi oorun ṣe. Ó wá bi wá pé, ṣé kí òun kúkú ju fóònù náà nù ni?

Kí a tó dá bàbá lóhùn, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ tiwa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ní pálọ̀, a ń ka àríyànjiyàn àwọn ènìyàn lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀kan ń bú, èkejì ń fèsì. Àwa kò sọ ohunkóhun, à ń kà á ṣáá ni. Ní àkókò náà gan-an, arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń rọbí. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí ọmọ kan bá òun kọ ọ́ sí orí WhatsApp ìjọ pé kí ẹni tó bá ní mọ́tò jọ̀wọ́ wá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mọ́tò wa wà níta. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwàdà, fídíò àti ìròyìn tí kálukú ń fi ránṣẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀, òwúrọ̀ ni a tó rí i. Aládùúgbò kan ló fi ọ̀kadà gbé arábìnrin náà lọ. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tí a lọ kí wọn, ìyá àgbà náà kò bá wa wí. Ó kàn ní, "A rò pé ẹ ti sùn ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju ìbáwí lọ, nítorí a kò sùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Ìlú méjì ni a fẹ́ wò níbẹ̀. Àwọn ará Bèréà ni ẹsẹ 11 ń sọ nípa wọn: wọ́n fi ọkàn rere gba ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù mú wá, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹsẹ 21 wá sọ nípa àwọn ará Átẹ́nì àti àwọn àlejò tó wà láàárín wọn: iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo àkókò wọn ṣe kò ju kí wọ́n sọ ohun tuntun tàbí kí wọ́n gbọ́ ohun tuntun. Ẹ kíyè sí i pé ìlú méjèèjì ló fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí ènìyàn fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ará Bèréà jókòó ti ohun tó gbọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ará Átẹ́nì gbọ́ ti ìhín, ó sáré lọ sí ti ọ̀hún.

Ẹ̀mí Átẹ́nì yìí ti ṣe wá ní ibi rí nílẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti ara ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí fóònù kan sí òmíràn pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n jí láàárín òru. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ náà, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ti yí ìlú po kí òótọ́ tó wọ bàtà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni àjọ yìí kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ìwé Òwe 14:15 ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òpè ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́, amòye a máa wo ibi tí ó ń fi ẹsẹ̀ lé.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Ẹni tó bá kà á a kà á tán, a gbé e sílẹ̀, a sì lọ sí oko rẹ̀. Rédíò asọ̀rọ̀mágbèsì náà ní àkókò ìròyìn, bí àkókò bá pé, ó parí. Ti fóònù ni kò lópin. Bí ẹ bá ti fi ìka fà á, òmíràn á yọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe mú wa bínú tó ni a ṣe máa pẹ́ níbẹ̀ tó, wọ́n sì ń jèrè lórí bí a ṣe ń pẹ́.

Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn, a bẹ àwọn ará ìjọ pé kí WhatsApp ìjọ jẹ́ ti àìní, àdúrà àti ìkéde nìkan. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní, níbo ni àwọn yóò ti máa gbọ́ ìròyìn? Ìbéèrè tó dára ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló yanjú rẹ̀ fún wa. Ó fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní RSS hàn wá.

Kí ni RSS? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe yé wa. Ká ní ilé mẹ́wàá wà nílùú tí ẹ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi. Dípò kí ẹ máa yí gbogbo wọn ká láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ rán ọmọ kan tó gbọ́n. Ọmọ náà yípo, ó wo ilé tí nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀, ó kó o wá fún yín, kò sì mú ti àná padà wá. Bí RSS ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní in máa ń tọ́jú fáìlì kékeré kan. Inú fáìlì yìí ni àkọlé ohun tuntun wà, ọjọ́ tó jáde, àlàyé díẹ̀, àti ọ̀nà tí a lè gbà dé ibẹ̀. Ètò kan lórí fóònù yín a máa lọ wo àwọn fáìlì náà láti ìgbà dé ìgbà, a sì kó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jọ sójú kan. Ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà fóònù yín. Bí ìkànnì kan bá sú yín, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó parí. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń tò, kì í ṣe bí ó ṣe lè mú wa bínú tó. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé ó máa ń tán. Bí ẹ bá ti ka ohun tuntun tó wà níbẹ̀, kò sí òmíràn mọ́, ẹ lè gbé fóònù sílẹ̀.

Ohun tuntun kọ́ ni. Ní ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ o: nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ọmọ ọdún 14 péré ni Aaron Swartz, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́. Ní àkókò kan náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Winer fi kún un pé kí ó lè gbé ohùn. Ara ìyẹn ni podcast ti jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ìwàásù lórí podcast, tí ti ọ̀sẹ̀ yìí máa ń dé bá yín fúnra rẹ̀, RSS ló ń gbé e wá fún yín láti ọjọ́ yìí.

Báwo ni a ṣe ń lò ó? Ẹ gba ètò kan bíi Feedly tàbí Inoreader sórí fóònù. Thunderbird a máa ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀, bí ó bá ní RSS, ètò náà sábà máa ń rí i fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ lójú ìkànnì ni igun mẹ́rin kékeré kan tó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, bí ọsàn Fìdítì, tí tóótóó kan àti ìlà méjì tó tẹ̀ kọdọrọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni a fi WordPress kọ́. Ní ti irú wọn, bí ẹ bá fi /feed sí ìparí àdírẹ́sì, fáìlì náà á jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìjíròrò abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni ẹ fẹ́ máa tẹ̀ lé, ẹ fi /feed kan náà sí ìparí àdírẹ́sì ọ̀rọ̀ yẹn. Èsì tí àwọn ènìyàn bá ń kọ á máa wá bá yín, ẹ ò ní máa padà lọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ bóyá ẹnìkan ti dáhùn. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ dátà bíi fídíò.

A ò ní tàn yín jẹ o. RSS kò lè sọ irọ́ di òótọ́. Bí kànga bá ní májèlé, ọmọ tí ẹ rán á pọn májèlé wálé. Kì í ṣe gbogbo ìkànnì ló ní in, ìjíròrò inú WhatsApp kò sì sí lára ohun tó lè mú wá. Àwọn tó ń ṣe ètò náà pẹ̀lú lè ti ìlẹ̀kùn wọn: Google ní ti rẹ̀, Google Reader, láti ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbójú lé e, ó sì pa á tì ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2013. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú àkójọ yín sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní OPML, kí ẹ lè gbé e lọ sínú ètò mìíràn.

Bàbá wa ní Jobele, ẹ má ju fóònù nù. Ìmọ̀ràn wa rèé fún yín àti fún gbogbo ilé:

Èkínní, ẹ yan ibi márùn-ún tàbí méje péré, kí ó jẹ́ ibi tí ẹ ti yẹ̀ wò bí ará Bèréà. Ibi tí wọ́n bá ti ń jíròrò iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Èkejì, ẹ fún un ní àkókò. Ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn iṣẹ́ tó. Kí ó má ṣe ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa ìró gbogbo ohun tí kì í ṣe ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa dún fún ọmọ yín, fún aládùúgbò yín, àti fún ìjọ yín.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ kan bá dé tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti wá. Ẹ rántí omi iyọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, lóṣooṣù, ẹ yẹ àkójọ yín wò, kí ẹ gé ẹ̀ka tí kò so èso.

Ní ilé tiwa, a ò tíì di pípé. Ọwọ́ ṣì máa ń yún wa. Ṣùgbọ́n ní bí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, fóònù dún lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìyá àgbà ọjọ́sí ni. Ó ní ara ọmọ náà ń gbóná. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ wa.

Kí Olúwa là wá lójú láti mọ ohun tó yẹ kí a gbọ́. Kí ariwo ayé má bo igbe ọmọnìkejì wa mọ́lẹ̀ ní etí wa. Kí ilé wa má di Átẹ́nì. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí, a óò tún pàdé ní oṣù tó ń bọ̀.