ÌLERA NÍNÚ ILÉ: Ìdáhùn sí "Ṣé Ara Le?"

Ní ìlú Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìkíni kì í kúrú. A ó béèrè ilé, a ó béèrè ọ̀nà, a ó béèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni a ó béèrè pé, "Ṣé ara le?" Ẹni tí a bi a sì dáhùn pé ara le, a dúpẹ́. Àwa kò rí ohun tí ó burú nínú ìdáhùn yìí, nítorí ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n léèrè pé, orí ẹ̀rí wo ni a gbé ìdáhùn náà kà? Púpọ̀ nínú wa ń fi ojú lásán ṣe ìdájọ́: ẹni tí ó sanra ni ara rẹ̀ le, ẹni tí apá rẹ̀ ki ni alágbára. Ojú kò sì ríran dé inú igbá-àyà, níbi tí ọkàn gbé ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru.

Ọkàn ènìyàn kò tóbi ju ìkúùkù olúwarẹ̀ lọ. Ó wà láàrin ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lẹ́yìn egungun àyà, ó sì fì díẹ̀ sí apá òsì. Yàrá mẹ́rin ni ó ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ògiri ẹran kan sì là wọ́n láàrin. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ara bọ̀, ó sì ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí a mí sínú. Apá òsì ń gbà á padà láti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fi ipá rán an lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tí ń bẹ nínú ilé ìdáná yín. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan kò jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì kan kíkún. Bí olúwarẹ̀ bá dìde, tí ó sì sáré kíkankíkan, iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ yóò máa béèrè ọ́síjìn púpọ̀, ọkàn yóò sì ní láti tú tó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan náà. Ti àgbà sárésáré lè tó méje.

Ní nǹkan bí ọdún 1923, ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀jọ̀gbọ́n A. V. Hill, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó ń sáré yí pápá koríko ká, ó sì ń mí èémí rẹ̀ sínú àpò náà, kí a bàa lè wọn iye ọ́síjìn tí ara rẹ̀ lò. (Bí ó bá jẹ́ ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin ni ó ti ṣe é, àwọn ènìyàn ìbá ti sáré lọ pe àwọn ará ilé rẹ̀.) Ohun tí a rí ni pé bí eré bá ti yá kọjá ìwọ̀n kan, ọ́síjìn tí ara ń gbà kò tún lè pọ̀ sí i mọ́. Ibi tí ó ti dúró yìí, tí ó yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, ni àwọn onímọ̀ ń wá nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwọn ń dán agbára ọkàn àti èémí wò.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè ru àpò. Ní ọdún 1968, dókítà Kenneth Cooper ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi ọ̀nà kan hàn tí kò béèrè ju aago àti pápá lọ: kí ènìyàn sáré fún ìṣẹ́jú 12, kí a sì wọn ibi tí ó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sá mítà 2,400, ẹ yọ 505 kúrò nínú rẹ̀, ẹ pín ìyókù sí ọ̀nà 45, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 42. Èyí ni iye mílílítà ọ́síjìn tí ara rẹ̀ lè lò ní ìṣẹ́jú kan fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwúwo rẹ̀. Irú ìmọ̀ báyìí ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka Human Kinetics ní Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1975.

Àwa kò fẹ́ kí bàbá ẹni ọdún 55 tí kò sáré láti ìgbà tí ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ka èyí tán, kí ó sì bọ́ sí pápá ní ọ̀la. Ẹ rántí Samuel Okwaraji. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Surulere ní ìlú Èkó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó ṣubú lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú 77, ó sì kú. Ẹni ọdún 25 ni, agbẹjọ́rò ni, agbábọ́ọ̀lù tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù sì ni. Ta ni ìbá wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí kì í sọ pé ara rẹ̀ le? Àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn títóbi yìí yẹ kí a tú u palẹ̀, nítorí ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ọkàn ẹni tí ń sáré lójoojúmọ́ a máa tóbi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yàrá inú rẹ̀ ni ó ń gbòòrò, tí ó fi ń tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní ìgbà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lè máa lù ní ìwọ̀n ìgbà 50 péré ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá jókòó. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri rẹ̀ ni ó ń ki, nítorí pé ẹrù wúwo ni ó ń tì lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá yá, ògiri náà a le, kò ní tú ara sílẹ̀ dáradára láti gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kan ìlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ní in tí orí kò fọ́, tí òòyì kò sì kọ́ rí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a lọ wọn ìfúnpá wa ní ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ wa. Lẹ́yìn náà, ìdánwò tí àwa yóò dá àbá rẹ̀ fún ilé onígbàgbọ́ ni ti ìrìn ìṣẹ́jú 6, èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò fún àwọn aláìsàn pàápàá. Ẹ wọn mítà 30 sí ilẹ̀ títẹ́jú. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì dára fún un, ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì lè ṣe é pọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Kí olúkúlùkù jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, ní ìhà ibi tí àtàǹpàkò wà, kí ó sì ka bí iṣan ti ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Láti 60 dé 100 ni ti àgbàlagbà tí ó jókòó. Kí ó wá rìn lọ rìn bọ̀ bí ó ti lè yá tó, láìsáré, fún ìṣẹ́jú 6, kí a sì kọ iye mítà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn ń rìn láàrin mítà 400 sí 700. Bí ó bá dúró, kí ó tún kà á lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí iye náà bá ti ń yára já wálẹ̀ tó ni ọkàn ṣe dára tó. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tàbí tí òòyì kọ́, kí ó jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà. Kí ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ má ṣe é rárá láìgba àṣẹ.

Àwọn baba wa kò nílò ìdánwò yìí, nítorí oko ń dán wọn wò lójoojúmọ́. Ní òde òní, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé wa láti Tankẹ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ahunṣọ tí ó ti àárọ̀ jókòó sí ìdí òfì lè ní apá líle, síbẹ̀ kí àtẹ̀gùn mẹ́wàá mú un mí hẹlẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ni kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá tí kò le jù ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún ti kájú rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Nínú oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin, ẹ ṣe é ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn gbà á lè gun Òkè Sóbì, tí ó ga ju gbogbo ibi ní ìlú lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dá lọ, kí wọ́n sì gbé omi dání.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà sí mítà 30 kan náà, ní irú àkókò kan náà ní ọjọ́, kí ẹ sì fi iye tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ nínú ìwé.