Orí 504 kọ́ ló burú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ta Peugeot 504 bàbá yín fún oníkọ̀ǹdẹ́mù. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń sọ: "Ẹ́ńjìnnì ti gbó, kò fà mọ́. N ó wá tọ́kùnbọ̀ sí i." Irọ́ ni. Tọ́ọ̀pù rẹ̀ ni ẹ kò tún ṣe dáadáa rí. (Àwa ará ẹ̀ka Yorùbá fẹ́ máa pè é ní orí ẹ́ńjìnnì, àwọn mẹkáníìkì fi wá rẹ́rìn-ín.)

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú tọ́ọ̀pù ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi láàárín ọdún kan. Mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹkáníìkì tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, ó ń ha tọ́ọ̀pù lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní ó ti tẹ́jú. Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ojú lásán. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tó fi sí i kò lò tó oṣù méjì tó fi jó.

Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù 504, irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Tí ooru bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bí omi bá gbẹ nínú rédíétọ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà tí awakọ̀ kò dúró, tọ́ọ̀pù ni yóò tẹ̀. Ibi tó tẹ̀ yẹn ni agbára tí ẹ ń wá ń gbà sá lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n fá ìwọ̀nba. Mo ní ìwọ̀nba, torí àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fá a wọlé kí ọkọ̀ lè sáré. Lóòótọ́, bí àyè tí epo ti ń jó bá dín kù, agbára á pọ̀ sí i. Bó bá kọjá ààlà, epo á máa gbiná kí àsìkò tó tó, ẹ́ńjìnnì á máa dún kókókó, písítìnnì á sì bàjẹ́.

Fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ńkọ́? Ẹ lọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi jókòó pa, kí ẹ da epo sí i. Bó bá jò, iṣẹ́ ò tíì parí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti sílíìfù. Ti 504 kàn jókòó sínú búlọ́ọ̀kù ni, omi yí i ká, tọ́ọ̀pù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́ọ̀pù ti kúrò, tí kò sì fi nǹkan dè é, sílíìfù lè gbéra, omi á wọ inú ọ́ìlì. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì kú. Ta ló pa á?

504 ló gba Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ẹ ní iṣẹ́ yìí wọ́n ju tọ́kùnbọ̀ lọ. Ta ló lo tọ́kùnbọ̀ yẹn, báwo ló ṣe lò ó, ẹ̀ẹ̀melòó ni tiẹ̀ náà ti gbóná?

Ẹnì kan ti fẹ́ ra ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé, kó fi ṣe irin. A ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń fá tọ́ọ̀pù pẹ̀lú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè sọ fún wa.