Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: INÁ GÁÀSÌ KÌ Í ṢE INÁ IGI

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kaduna sọ lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti oyè. Ọ̀rọ̀ iná ni. Àwọn baba wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wo bí àwọn kan nínú wa ti ń lo bọ́nà gáàsì ní ilé búrẹ́dì àti níbi tí a ti ń dáná òde, a rí i pé iná ti wà lórí òrùlé, oorun ni a sì ń sùn.

Kò yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi igi àti dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ sí ìdí gáàsì. Ààrò tètè ń gbóná, èéfín kì í bà lé búrẹ́dì, àwọn ìyá wa tí ń se oúnjẹ òde kò sì ní fi ojú pípọ́n parí iṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá pe ọdún 2021 sí 2030 ní ọdún mẹ́wàá ti gáàsì. Gáàsì kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn máa fi ọgbọ́n iná igi lo iná gáàsì. Bí iná igi bá kú, ọ̀ràn ti parí. A óò fẹ́ ẹ, a óò kó ìṣáná, a óò tún un dá. Ṣùgbọ́n bí iná gáàsì bá kú tí a kò pa ẹnu rẹ̀ dé, ìgbà náà gan-an ni ọ̀ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gáàsì kò dẹ́kun àti máa jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń lò. Gáàsì inú sílíńdà jẹ́ ohun tí a fi agbára tẹ̀ títí ó fi di omi. Bí lítà kan péré nínú omi náà bá jáde, yóò fẹ̀ di nǹkan bí 250 lítà gáàsì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ni í rọ̀ sí, a sì máa sá pamọ́ sínú kòtò, sínú gọ́tà, sábẹ́ tábìlì ìpo-ìyẹ̀fun àti sí ìsàlẹ̀ ààrò. Kò dìgbà tí ó bá kún yàrá kí ó tó di ewu. Bí ó bá ti tó nǹkan bí apá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìtànná kékeré láti ojú ṣíìṣì iná mànàmáná tó láti gbé e. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ń tà á ni wọ́n fi òórùn burúkú náà sí i, kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn náà tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́, ó kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ tí a ti san owó rẹ̀.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2015, níbi tí àwọn ènìyàn ti wá ra gáàsì ọdún Kérésìmesì ní Nnewi, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lafia, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Makurdi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ó dé Sabon Tasha, nínú ìlú tí a ń gbé yìí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ibi tí a ti ń ta gáàsì ni àwọn wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ilé búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n gáàsì kan náà ni ó wà lẹ́yìn ilé wa, ìwà rẹ̀ kò sì yí padà nítorí pé ẹni tí a mọ̀ ni ó ni ín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Lára bọ́nà tí ó dára, ohun kan wà tí ń ṣọ́ iná. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní aṣọ́ná. Lára bọ́nà kékeré, irin tín-ín-rín kan ni, tí orí rẹ̀ wà nínú iná. Ooru iná ni í fún un ní agbára láti mú ọ̀nà gáàsì ṣí sílẹ̀. Bí iná bá kú, irin náà yóò tutù, ọ̀nà gáàsì yóò sì pa dé. Lára bọ́nà ńlá tí ó ní fáànù, ojú kan ni ó ń wo iná. Bí kò bá rí iná mọ́, ó yẹ kí ó ti pa gáàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4.

Aṣọ́ná yìí ni àwọn kan nínú wa ń sọ di aláìlágbára. Wọ́n ní ó ń yọ àwọn lẹ́nu, pé ó ń pa iná nígbà tí búrẹ́dì kò tíì jinná. Wọn yóò pe ẹnì kan tí kò mọ̀ ju bí a ti ń so wáyà lọ. Yóò so wáyà kan mọ́ èkejì, bọ́nà yóò máa jó láìdúró, wọn yóò sì sanwó fún un, wọn yóò tún dúpẹ́. Ajá tí ń gbó lóru ni wọ́n pa yẹn. Wọn kò lé olè lọ. Bọ́nà tí ń kú lemọ́lemọ́ ń ròyìn àìsàn ara rẹ̀ fún wa ni. Ó lè jẹ́ pé eruku ti bo ojú aṣọ́ná, ó lè jẹ́ pé gáàsì tí ń wọlé kò tó, tàbí kí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Àìsàn náà ni kí a wò, kí a má ṣe pa ẹni tí ó wá jíṣẹ́.

Ẹ ro iná mànàmáná wa tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù bọ́nà yóò dúró. Bí aṣọ́ná bá wà láàyè, gáàsì yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dè é, gáàsì yóò máa ya wọ inú ààrò gbígbóná nígbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá tàn án tí bọ́nà sì ṣáná, ilẹ̀kùn ààrò ni yóò kọ́kọ́ fò, ògiri a sì lè tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí iná bá lọ, fáàfù gáàsì ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ tì, kí ẹsẹ̀ tó lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀.

Iná títàn náà ní ìlànà. Kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní ṣíṣí. Kí ẹni tí yóò tan iná bẹ̀rẹ̀ kí ó sì fi imú wádìí nílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni gáàsì ń sá sí. Kí a jẹ́ kí fáànù fẹ́ inú ààrò títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi yí padà ní ìgbà 4 ó kéré tán. Níbi tí a bá ti ń fi ọwọ́ tan án, kí iná ìṣáná ti wà lẹ́nu bọ́nà kí a tó ṣí gáàsì. Ẹni tí ó ṣí gáàsì tán kí ó tó máa tú àpò wá ìṣáná ń pe ikú. Bí kò bá gbiná, kí a pa gáàsì, kí a tún fẹ́ ààrò náà, kí a sì dúró tó ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí a pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

Ní ti ìtọ́jú, iná tí ó dára a máa jẹ́ búlúù. Bí ó bá ń pọ́n tí ó sì ń fi èéfín dúdú sí ara páànù, afẹ́fẹ́ kò tó o. Eruku ọyẹ́ àti ìyẹ̀fun ni ó sábà máa ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a nígbà tí ààrò bá tutù, tí a sì ti pa gáàsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ fẹ ojú ihò tí gáàsì ń gbà jáde, nítorí pé bí ihò náà bá ti fẹ̀, gáàsì yóò ju afẹ́fẹ́ tí a ṣètò fún un lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ a máa tú èéfín kan tí ojú kò rí tí imú kò gbọ́, tí ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Orí a fọ́ni, èébì a gbéni, oorun a sì kunni. Ọmọ tí ó bá sùn sínú ilé búrẹ́dì títì pa lálẹ́ ọyẹ́ lè má jí.

Rọ́bà omi kì í ṣe rọ́bà gáàsì. Kí a ra èyí tí a ṣe fún gáàsì, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti sán tàbí tí ó ti le gan. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná: bí ó bá hó, ó ń jò. Kí sílíńdà dúró lóòró níta, jìnnà sí ààrò. Ní àkókò ọyẹ́ bí èyí, sílíńdà a máa tutù, gáàsì a sì máa fà jáde díẹ̀díẹ̀. A ń gbọ́ pé àwọn kan ń dá iná sí ìdí rẹ̀ kí ó lè yá, àwọn mìíràn sì ń dà á dùbúlẹ̀. Iná lè mú kí sílíńdà bẹ́. Ìdùbúlẹ̀ sì ń jẹ́ kí omi gáàsì fúnra rẹ̀ sáré dé bọ́nà. Kí oníṣẹ́ so sílíńdà méjì pọ̀, tàbí kí a ra èyí tí ó tóbi jù.

Bí òórùn gáàsì bá sọ, kí a má ṣe tan iná, kí a má ṣe pa á, kí a má sì ṣe fọwọ́ kan fóònù níbẹ̀. Kí a ti fáàfù, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é báyìí, kò sì sí ohun tí ó ṣe mí." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń tan ààrò ní aago mẹ́rin òwúrọ̀? Kì í ṣe ọ̀gá. Ọmọ-iṣẹ́ ni, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi lé wa lọ́wọ́ nílé, tí a sì ṣèlérí pé a óò fi iṣẹ́ dá a padà fún un. Ojú wo ni a óò fi wo ìyá náà? Bákan náà, a kò dá gbé àdúgbò. Onílé wa àti àwọn ará ìlú tí wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ ń sùn ní ẹ̀yìn ògiri kan náà. Iná tí ó bá ti ilé wa jáde kò ní béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ.

Nítorí náà, a dábàá mẹ́ta fún ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá ti de aṣọ́ná bọ́nà rẹ̀ tú u, kí ó sì tún un ṣe kí oṣù yìí tó parí. Èkejì, kí a dá owó jọ láti pe oníṣẹ́ bọ́nà kan tí ó mọ iṣẹ́ dájú, kí ó máa yí ká ilé búrẹ́dì àti ibi ìdáná àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ohun tí ó wọ́n fún ẹnì kan kò ní wọ́n fún gbogbo wa. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ-iṣẹ́ kankan má ṣe dá ààrò tàn títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi kọ́ ọ, tí yóò sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti sọ ọ́. Kí olúkúlùkù lọ wo ìdí bọ́nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.