Àwọsánmà Tí A Ń Kó Ìwé Òwò Sí

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, íntánẹ́ẹ̀tì ti di àwátì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, iṣẹ́ orí fóònù àwọn báńkì kan kò sì lọ déédéé mọ́. Ẹni tí ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, lè má mọ ibi tí Abidjan wà rárá. Ṣùgbọ́n bí ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ ní òkèèrè, ọ̀ràn Abidjan ti di ọ̀ràn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé a ń gbọ́ ọ níbi gbogbo pé kí àwọn oníṣòwò kéékèèké kó àkọsílẹ̀ wọn lọ sínú ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní cloud, èyíinì ni àwọsánmà. Orúkọ náà ń tan ènìyàn jẹ. Kò sí ohun kan lójú ọ̀run níbẹ̀. Ilé ńláńlá ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná tọ́jú tọ̀sán-tòru. Láti ọdún 2006 ni Amazon ti ń fi irú ààyè bẹ́ẹ̀ háyà. Microsoft àti Google tẹ̀ lé e. Ayálégbé ni ẹni tí ń lò ó: ìwọ̀n ààyè tí ó bá gbà ni yóò máa sanwó fún.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí iná jó ní ọjà Balógun, l'Ékòó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìwé gbèsè tí ó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó jóná kò lè là á já. Onígbèsè mélòó ni yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá jẹ́wọ́ iye tí ó jẹ? Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbòmíràn yóò yá fóònù ẹlòmíràn, yóò sì rí i kà. Bákan náà ni fún ẹni tí ó dá ilé-ìwé kékeré sílẹ̀: bí olè bá jí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbé, máàkì àwọn ọmọ kò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin olùkọ́ tí òjò ti ba rẹ́jístà yín jẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n dọ́là ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé yìí fi ń díye lé ààyè wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí ń san $20 lóṣù, tí kò tó ₦10,000 tẹ́lẹ̀, bá ara rẹ̀ nínú sísan ohun tí ó ju ₦30,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni onílé kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ti dín ohun tí ènìyàn lè fi káàdì náírà rà ní òkèèrè kù sí $20 lóṣù, kí púpọ̀ nínú wọn tó wá dá a dúró pátápátá. Ayálégbé ní owó lọ́wọ́, kò sì rí ọ̀nà san án!

Ó dùn mọ́ wa nínú, nítorí náà, pé MTN ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìkejà ní ọdún 2025, tí wọ́n sì ń fi náírà díye lé e. A kò sọ pé ti ilé kò lè bàjẹ́. Ẹ̀rọ Amazon ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2025 kan náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ káàkiri ayé sì dúró. Kí oníṣòwò gba ààyè lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe inú ìwé tí a fi bírò kọ.

Èyí tí ó ku sọ́wọ́ ìjọba ni a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Wáyà abẹ́ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí Google nà débẹ̀ ní ọdún 2022, tí wọ́n ń pè ní Equiano, kò sí lára àwọn tí ó já lọ́jọ́ náà. Wáyà orí ilẹ̀, tí yóò gbé e láti etí òkun dé Ìsẹ́yìn àti Ọ̀wọ̀, ni kò tó. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan a máa gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbẹ́ lẹ́bàá títì wọn. Ní ọdún 2013 wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ₦145 ni kí ó jẹ́ fún mítà kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò mú un ṣẹ, tí ó fi di pé àwọn gómìnà tún jókòó lé e lórí ní oṣù kìíní ọdún 2020. Owó tí ìjọba bá sì gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń ri wáyà, ẹrù ẹni tí ń ra dátà ni yóò dà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè máa ṣe, nígbà tí olùdíje bá tún dé àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè pé èló ni ìpínlẹ̀ yín ń gbà lórí mítà kan lónìí, kí ẹ sì tún bi í pé ilé ta ni àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ wà.