Inú Àpò Olùkọ́ Ni Kí A Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti di olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá ti dárúkọ ẹ̀rọ ìgbàlódé nínú ẹ̀kọ́, ohun tí ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni yàrá tí a to kọ̀ǹpútà sí lọ bẹẹrẹ. Mo ti dé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀rù ń ba àwọn kí ọmọdé má bàa ba ẹ̀rọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ fóònù wà nínú àpò olùkọ́ tí ó ń kọ́ni lọ́wọ́ ní kíláàsì kejì, kò sì rò ó rí pé ohun èlò ìkọ́ni ni.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Olùkọ́ lè kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ìyàtọ̀ wọn kò ní mọ ibi tí àmì ń lọ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fóònù, tí ó ní kí ọmọ ka tirẹ̀ tẹ̀lé e, tí ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn méjèèjì, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun ṣì í. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ rárá. Àwa tí a kéwú lórí wàláà kúkú mọ̀ pé etí ni ọmọ kọ́kọ́ fi ń kàwé kí ojú tó tẹ̀lé e.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè ya ọkàn ènìyàn sójú pátákó, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò lè mú un lù. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí ó ti gbà sílẹ̀ láti ilé yóò fi í hàn. Bí ọmọ bá tó 60, kí ó pín wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí àwọn kan ti ń wò ó, kí àwọn yòókù máa ṣe iṣẹ́ inú ìwé wọn. Kí ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: ibo ni ẹ̀jẹ̀ yóò gbà jáde? Láìsí ìbéèrè, sinimá lásán ni.

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, n kò ní dá sí i. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a ti kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, rédíò, ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ti ń fojú tín-ín-rín, wà lára ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ fi gbé ẹ̀kọ́ wọlé tọ ọmọ lọ.

Àwọn kan yóò ní fóònù ń ba ọmọ jẹ́. Òtítọ́ ni, n kò sì sọ pé kí ọmọ mú tirẹ̀ wá. Ti olùkọ́ ni mò ń wí, ọ̀kan ṣoṣo, tí yóò padà sínú àpò bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí.

Ìnáwó rẹ̀ ni ó ń dùn mí. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó o jẹun ni yóò tún ra dátà, tí yóò sanwó ṣáàjì. Èyí kò tọ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó dá owó kọ̀ǹpútà mìíràn tí a óò tún tì mọ́lé, ẹ kọ́kọ́ ra sípíkà kékeré kan fún un, káàdì tí yóò máa kó fídíò sí, àti ẹ̀rọ agbára oòrùn tí ó lè ṣáàjì fóònù kan.