Batistuta ní kí dókítà gé ẹsẹ̀ òun: Ohun tí bọ́ọ̀lù fi oríkèé ara ṣe nìyí o

Àwọn tó wo bọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti Ajẹntínà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2002 kò ní í gbàgbé Gabriel Batistuta bọ̀rọ̀. Òun ló fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Super Eagles ní Japan, ayò kan sódo ni wọ́n sì fi na Nàìjíríà. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí i lọ́jọ́ náà. Àmọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 2005, àánú ẹ̀ ni yóò ṣe wọ́n.

Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fáwọn oníròyìn lọ́dún 2014. Ó ní láàárín àkókò díẹ̀ tóun kúrò lórí pápá, òun ò lè rìn mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì lòun máa ń wà, ilé ìyàgbẹ́ kò sì ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ náà lòun máa ń tọ̀ sí, nítorí tóun bá fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ìrora náà á pọ̀ jù. Ló bá gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ó ní kó bá òun gé ẹsẹ̀ náà dànù. Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ohun tí dókítà náà wò nìyẹn tó fi kọ̀ jálẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ wèrè ló ń sọ.

Kí ló fà á? Eegun rírọ̀ kan wà lórí oríkèé gbogbo, irú èyí téèyàn máa ń rún lẹ́nu tó bá ń jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jinná bí ẹran ara tó bá ti ya tàbí tó jẹ. Gbogbo ìgbà tí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, tí wọn ò sì jẹ́ kó sàn tán kí wọ́n tó tún sáré lé e, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tán lọ. Tó bá tán, eegun á kan eegun, làkúrègbé á sì wọlé dé. Ti Batistuta ti tán pátá.

Kì í ṣe òun nìkan. Marco van Basten, ọmọ ilẹ̀ Holland tó gba àmì ẹ̀yẹ Ballon d'Or lẹ́ẹ̀mẹta, ọrùn ẹsẹ̀ ló lé e kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1993 ló gbá bọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn fún AC Milan, nígbà tó sì kéde lọ́dún 1995 pé òun ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọgbọ̀n ọdún péré ni.

Abẹ́rẹ́ ló tún ń dá kún ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Tí orúnkún bá wú, tí ìdíje ńlá sì ku ọ̀la, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn ún, ó di orí pápá. Abẹ́rẹ́ yẹn ò wo nǹkan kan sàn, ẹnu ìrora ló kàn bò. Bẹ́ẹ̀, ìrora ni ara fi ń pariwo pé kí wọ́n dúró.

Lọ́dún 2019, wọ́n fi oríkèé àtọwọ́dá sí ọrùn ẹsẹ̀ Batistuta ní Switzerland. Ó lówó ẹ̀ ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Surulere àti Ìbàdàn ló máa rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí bàbá ọmọ, àti ọmọ fúnra ẹ̀, máa béèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún un, kí wọ́n sì gbà pé ìsinmi oṣù méjì sàn ju ọ̀pá títẹ̀ lọ. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fáwọn baba olóyún bíà tó ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ Sátidé. Àwọn tó ń pariwo góòlù á padà sílé wọn, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀.