Ahọ́n Mùmíní Kì í Jẹ́rìí Èké, Kì í sì í Búni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn àti ọ́fíìsì ní Ìlú Ọba níbí ń béèrè pé: bí ẹni tí a bí ní ọkùnrin bá ní kí a máa lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ obìnrin fún òun, kí ni kí Mùsùlùmí ṣe?

Èdè tiwa kò mọ wàhálà yìí. “Ó” kan náà ni fún bàbá àti ìyá. “Wọ́n” ni a ń pe àgbàlagbà kan ṣoṣo, láti bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ya “he” sọ́tọ̀ fún ọkùnrin, ó ya “she” sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́rìí. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ìkíni lásán.

N kò fara mọ́ ọn pé kí agbanisíṣẹ́ fi ipá gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Súrà Al-Munafiqun kọ́ wa pé àwọn kan fi ẹnu jẹ́rìí sí òtítọ́, síbẹ̀ Ọlọ́hun pè wọ́n ní òpùrọ́, nítorí ọkàn wọn kò gbà á.

Maya Forstater pàdánù iṣẹ́ nítorí ó sọ pé ọkùnrin kò lè di obìnrin. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé-ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò òfin. Ní oṣù Kẹfà 2021, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé èyí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíràn lára. Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 kan náà ló dáàbò bo àwa àti àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí ó korò. Àwọn kan nínú wa ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bí ẹni pé Súrà Al-Hujurat kò ka yẹ̀yẹ́ àti orúkọ burúkú léèwọ̀. Bí ẹnìkan bá sì ya àwòrán tí ó bí wa nínú, àwa náà la máa ń pariwo pé kí ìjọba pa á lẹ́nu mọ́. Òmìnira tí a kò lè fún ẹlòmíràn, ẹnu wo ni a ó fi béèrè rẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ pe ènìyàn ní orúkọ tí ó bá sọ fún yín. Àwa tí ọkùnrin àti obìnrin wa ń jẹ́ Ayọ̀délé mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹ má ṣe ojúsàájú. Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀rí tí ọkàn yín kò gbà, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀ ọ́. Ó lè ná yín ní nǹkan: dókítà Kìrìsìtẹ́nì kan, David Mackereth, pàdánù ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tirẹ̀ ní 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ gbà pé òfin dáàbò bo ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san owó òtítọ́, kí ó má fi èébú rọ́pò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.